Bí A Ṣe Ń Gbin Òdòdó Àràmàǹdà sí Bákónì Nílùú Èkó

Omi ló ń pa òdòdó l'Ékòó, kì í ṣe òǹgbẹ. Ẹni tó ra òdòdó olówó ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tó wá ń da omi sí i láràárọ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, òun gan-an ló ń pa á. Òdòdó mẹ́ta ni mo fẹ́ mẹ́nu bà, kì í sì í ṣe gbogbo ilé lẹ ti máa rí wọn. Gbogbo wọn ló lè gbé inú ìkòkò, ì báà jẹ́ ní Súrùlérè, ní Yábàá tàbí ní Ọbáléńdé, bí gbòǹgbò wọn kò bá ṣáà ti máa rì sómi.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ibi tí oòrùn ń gbà wọ bákónì yín. Láti oṣù kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí l'Ékòó. Láwọn oṣù yòókù, apá gúúsù ni. Bákónì tó bá kọjú sí òkun yóò rí oòrùn dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti ìgbà òjò á dín kù. Ìyẹn ò burú fún èyí tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Desert rose

Ilẹ̀ gbígbẹ ni ilé rẹ̀: òkè ọya, etí aṣálẹ̀ Sàhárà, títí dé ìlà oòrùn Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Ìdí igi rẹ̀ máa ń wú, omi ló ń kó pamọ́ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kóró gbìn ni ìdí rẹ̀ máa ń tóbi jù. Èyí tí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn kì í sanra tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Bó bá rọ̀, ó ti ń rà nínú nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó dínwó tó.

Oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá ni kí ẹ rà á, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Ìkòkò amọ̀ tó fẹjú ló dára jù. Garawa ọ̀dà náà ṣeé lò, bí ẹ bá fi ìṣó gbígbóná lu ihò bíi 5 tàbí 6 sí ìdí rẹ̀. Ẹ má gbé abọ́ sábẹ́ ìkòkò o: omi tó bá dúró síbẹ̀ á ra gbòǹgbò, ẹ̀fọn á sì yé sí i.

Ilẹ̀ tí ẹ máa pò wá ńkọ́? Yanrìn tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, èyí tó le wóróworó lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri: agolo 2. Èédú tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́: agolo 1. Ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa: agolo 1. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti Lẹ́kí, ẹ má lọ gbọ́n yanrìn etí òkun o, iyọ̀ inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí gbòǹgbò rímú mí. Bí omi bọ́hòlù yín náà bá ń dùn bí iyọ̀ lẹ́nu, omi òjò ni kí ẹ máa gbè.

Bí gbòǹgbò kan bá ti dá, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ níbi ìbòòji fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ má bo ìdí tó wú yẹn mọ́lẹ̀. Òkè ilẹ̀ ni kó wà, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí, ìka yín ni kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tì í bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi tún gbẹ. Nígbà òjò, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, níbi tí oòrùn ṣì lè dé fún bíi wákàtí 6. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 díẹ̀ lóṣooṣù tó fún un. Bí ẹ bá pọ̀ ọ́n jù, ewé nìkan lẹ máa rí.

Orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń yọ òdòdó, nítorí náà ẹ máa rẹ́ ẹ. Ibi tí ẹ bá gé, ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta lè hù níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́: oje rẹ̀ ní májèlé, àwọn ọdẹ ń fi í sórí ọfà láti ayébáyé. Èyí tí wọ́n lẹ ẹ̀ka aláwọ̀ mìíràn mọ́, ohun tó bá hù nísàlẹ̀ ojú àpá náà, ẹ ká a dànù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ tí ẹ torí rẹ̀ sanwó yóò pòórá.

Bí ìdí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé ibi tó rà kúrò títí ẹ ó fi kan ara tó le, ẹ fi ẹ̀tù èédú pa ojú rẹ̀, ẹ fi síbi ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó tún un gbìn.

Òdòdó òru

Epiphyllum oxypetalum lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Bí ẹ bá béèrè Queen of the Night lọ́wọ́ olódòdó, ó ṣeé ṣe kó gbé igi kékeré kan fún yín tí òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, tó ń ta sánsán lálẹ́. Òun kọ́ là ń wí. Tiwa yìí dà bí ewé gígùn pẹlẹbẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ gan-an lohun tí à ń pè ní ewé yẹn. Orí igi ló ń gbé nílẹ̀ rẹ̀ ní Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà Àárín, nítorí náà ilẹ̀ lásán wúwo jù fún un.

Ẹ tọrọ ewé kan lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ lójú ibi tí ẹ gé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tì í bọ háhá àgbọn tí ẹ gé wẹ́wẹ́, èédú àti ilẹ̀dú díẹ̀, ní bíi 5 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń kàn án. Ẹ ní sùúrù o, ó lè tó ọdún 2 tàbí 3 kó tó yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó bá fẹ́ là, ẹ pe àwọn ará ilé jọ: lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú ló ń bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀gànjọ́ òru ó ti ṣí tán, funfun báláú, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo bákónì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti rọ.

Gloriosa

Èyí kì í ṣe àjèjì, ó ń hù nínú igbó wa, òun sì ni òdòdó orílẹ̀-èdè Simbábúè. Orí ewé rẹ̀ ló fi ń lọ́ mọ́ igi tàbí okùn; pupa àti yẹ́lò ni òdòdó rẹ̀, ó sì máa ń ká sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ tẹ́ iṣu rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbú, kí ilẹ̀ tó bò ó tó 5 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì ri igi tó máa gùn mọ́lẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò kú lórí. Ẹ má bomi rin ín mọ́.

Ṣùgbọ́n májèlé ni gbogbo ara rẹ̀, iṣu rẹ̀ ló sì burú jù, ó sì lè dà bí iṣu tàbí ọ̀dùnkún lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ti pa èèyàn rí ní Síríláńkà àti Íńdíà. Ilé tó ní ọmọ kékeré, n kò ní sọ pé kí wọ́n gbìn ín rárá. Bí ẹ bá sì hú iṣu náà pamọ́ de òjò, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀rá, kí ẹ má sì fi í sí ilé ìdáná.