Ọmọ Mi Gbin Gaàrí: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ibi Tí Oúnjẹ Ti Ń Wá Han Ọmọdé

Láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, mo jáde síwájú ilé mo bá ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, tó lóṣòó ti ìkòkò òdòdó kan tí òdòdó inú ẹ̀ ti kú tipẹ́, ó ń fi ife tó fi ń fọ ẹnu bomi rin ín. Mo ní kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Ó ní, "Mọ́mì, mo gbin gaàrí ni." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, òótọ́ ni, gaàrí bí ẹ̀kúnwọ́ méjì ló ti dà sínú yẹ̀pẹ̀, gaàrí yẹn ti rin, ó ti wú, àwọn èèrà ti ń tò bọ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ti ń dàgbà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé ọmọ yẹn ronú dáadáa. Tíṣà wọn ti sọ fún wọn pé téèyàn bá gbin kóró tó ń bomi rin ín, á hù. Gaàrí rí wóró wóró bíi kóró, ó gbìn ín, ó bomi rin ín, ó sì fojú ara ẹ̀ rí i pé ó ń tóbi sí i. Kò fojú kan ẹ̀gẹ́ rí láyé ẹ̀, inú báàfù ìyá oníyẹn lọ́jà ló ti mọ gaàrí, ohun tó rí ló fi ṣe ìdájọ́. Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé kéèyàn kàn fẹnu sọ pé "rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀" ò tó, ojú ọmọ ló gbọ́dọ̀ rí nǹkan míì. Bá a ṣe ṣe é nílé wa ni mo fẹ́ sọ, ẹ lè mú èyí tó bá bá yín lára mu.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán

Kẹ́ ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, ẹ bi í pé "báwo lo ṣe mọ̀?" kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà bàrá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n bí sí London, ọjọ́ tó rí iṣu tí wọ́n tò jọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham, ó bi ìyá ẹ̀ pé ta ló fẹ́ ra gbogbo igi ìdáná yìí. Ẹ wo èèpo iṣu, ẹ wo bó ṣe gùn, ẹ sọ òótọ́, ṣé kò jọ igi? Ọmọ kan ládùúgbò wa gbà pé inú yìnyín ni ẹja Titus ń gbé, torí gbogbo ìgbà tó bá ń tẹ̀ lé màmá ẹ̀ lọ ra ẹja, inú fìrísà ni wọ́n ti ń gbé e, tí wọ́n á là á mọ́lẹ̀ kó tó já kúrò lára ara wọn. Òmíì ní inú ìgò ni ẹ̀pà ti ń so.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ká máa pe ọmọ síwájú àlejò pé "wá tún un sọ, wá tún un sọ" ká jọ máa rẹ́rìn-ín. Tó bá ti rí i pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, á dákẹ́, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń rò mọ́. Àgbàlagbà náà ń ṣì í o. Ní April 1, 1957, BBC fi fíìmù kékeré kan hàn lórí ètò Panorama, ìdílé kan ní Switzerland ń ká sùpàgẹ́tì lórí igi bí ẹni ń ká ọsàn, eré April Fool ni wọ́n fi ń ṣe, àmọ́ àwọn èèyàn pe BBC pé báwo làwọn náà ṣe lè gbin tàwọn. Sùpàgẹ́tì ò wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, wọn ò rí i kí wọ́n ṣe é rí, bíi tọmọ mi àti gaàrí náà ni.

Ìkejì, ẹ̀wà nínú ike

Ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ torí kì í pẹ́ hù, ọmọdé ò sì ní sùúrù. Ẹ ṣa bíi mẹ́wàá tí kòkòrò ò tíì dá lu, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ gé ike omi tó mọ́ gaara sí méjì, ìdí ẹ̀ lẹ máa lò, ẹ ká tíṣù tàbí òwú tó tutù sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ki ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan sáàárín tíṣù yẹn àti ara ike kí ọmọ lè máa rí i láti ìta. Omi díẹ̀díẹ̀ ni, kó ṣáà má gbẹ, tó bá pọ̀ jù á jẹrà á sì máa rùn. Lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta ẹ máa rí gbòǹgbò funfun kan tó yọ, ìsàlẹ̀ ló máa dorí kọ bó ti wù kẹ́ ẹ dojú ẹ̀wà yẹn kọ, ọmọ mi yí ike yẹn po títí ó sú u. Ẹ jẹ́ kó fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀, kó má sì fi ẹ̀wà yẹn sẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀wà ọjà ni wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé: ẹ fi gaàrí sínú ike kejì, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀wà, kẹ́ ẹ máa fún àwọn méjèèjì lómi. Ẹ má sọ nǹkan kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹ̀wà ti ń yọ ewé, gaàrí ti hùkasì, ó ń run imú. Mo bi í pé kí ló dé tí gaàrí ò hù, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Wọ́n ti yan án, ó ti kú." Èmi ò kọ́ ọ. Ó wá bi mí pé, "Ta ló yan án? Kí ló wà kí wọ́n tó yan án?" Nígbà tí ìbéèrè yẹn bá ti jáde lẹ́nu ọmọ, ẹ wá ọkọ̀.

Ìkẹta, láti inú abọ́ padà sóko

Ẹ kọ́kọ́ ra ẹ̀gẹ́ tútù kan, tí yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, kó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e. Kó má gé e jẹ o, ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú, rírin tí wọ́n ń rin ín, omi tí wọ́n ń fún jáde lára ẹ̀, kíkan tó ń kan àti iná tí wọ́n fi ń yan án ló ń lé e lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan gaàrí, wọ́n wà káàkiri abúlé ẹ̀bá Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra gaàrí lọ́wọ́ wọn, wọn kì í lé ọmọdé.

Ó rí àwọn ìyá tó jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká tí wọ́n ń bẹ ẹ́, ó rí ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, ó rí àwọn àpò tí wọ́n fi jáàkì dì mọ́lẹ̀ tí omi ń ro tó tó tó lára wọn. Wọ́n sọ fún un pé tó bá ṣe pẹ́ tó nínú àpò ló ṣe máa kan tó, ó ní áà, gaàrí Ìjẹ̀bú! Ó rí i tí wọ́n ń jọ̀ ọ́. Ó wá dúró ti ìyá àgbà kan níwájú agbada, èéfín ń ta wọ́n lójú, ìyá yẹn ń fi àfọ́kù igbá ro ó lọ ro ó bọ̀, ó bu díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ọmọ yìí fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, ó jù ú sẹ́nu, ó yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ó gbóná!" Gaàrí tútù nìkan ló mọ̀ látìgbà tó ti dáyé. Epo pupa tí wọ́n dà sí agbada kejì náà ló jẹ́ kó mọ ibi tí gaàrí pupa ti rí àwọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ̀gẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, ẹ fi gírétà rin ẹyọ kan, ẹ fi aṣọ funfun fún un, kí ọmọ rí omi tó jáde. Ẹ tún lè sọ fún un pé apá Brazil lọ́hùn-ún ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Pọtogí ló gbé e dé Áfíríkà, àwọn ará Brazil náà sì ń yan tiwọn jẹ dòní.

Ìkẹrin, ẹyin àti ẹran

Ẹyin ò le. Tó bá gbé ẹyin inú fíríìjì pa mọ́ sínú aṣọ pé kó pa, ẹ sọ fún un pé adìyẹ tí kò rí àkùkọ máa ń yé ẹyin, àmọ́ ọmọ ò sí nínú ẹ̀, èyí tó sì ní ọmọ nínú, ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko nìyá ẹ̀ á fi sàba lé e.

Ẹran lọ̀rọ̀ ẹ̀ gba pẹ̀lẹ́. Èdè wa ò fi nǹkan kan pa mọ́ níbí, èyí tó ń ké mèé lójúde, ẹran ni, èyí tó wà nínú ọbẹ̀ náà, ẹran ni. Ọmọ tó jẹ́ pé Òyìnbó nìkan ló ń gbọ́, cow lọ́tọ̀, beef lọ́tọ̀, ẹ ò lè bá a wí tí kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Tó bá bèèrè, ẹ sọ òótọ́ ní gbólóhùn kan: a pa á, ká lè jẹ ẹ́. Ẹ má fipá mú un wo bí wọ́n ṣe ń pa á, ẹ má sì purọ́ fún un, torí ọdún Iléyá ń bọ̀ tó máa rí i fúnra ẹ̀. Tó bá ní òun ò jẹ ẹran fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fún un lẹ́yin.

Kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú "tó o bá gbé kóró àgbálùmọ̀ mì igi á hù lórí ẹ." Mo mọ ọmọ tí kò sùn mọ́jú, tó ń fọwọ́ pa orí kiri.

Ohun tá a fi parí tiwa ni pé a gé ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tó tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ojú ẹ̀ kọjú sókè, a dá a dábùú díẹ̀ sínú ilẹ̀ lẹ́yìn kíṣìnì, a sì fi pákó sé e mọ́ ewúrẹ́. Ó yọ ewé kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á tó nǹkan bí ọdún kan kó tó ṣe é wú. Lọ́jọ́ kan àbúrò ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, dúró tì í níbẹ̀, ó ní ṣúgà tí wọ́n máa fi mu gaàrí yẹn náà máa so lórí igi yìí. Mo ti fẹ́ dá sí i láti ojú fèrèsé, ni mo bá gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó rọra bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?"