Ẹ Má Dúró De Ikọ́ Agódóńgbó

Ẹ̀yin tí ẹṣin ń bímọ lágbàlá yín, ì báà jẹ́ ní Ìlọrin, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ìdílé Balógun n'Íjẹ̀bú-Òde tó ń gẹṣin lọ sí Ojúde Ọba, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti àrùn kan tó ń pa agódóńgbó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Rhodococcus equi lorúkọ kòkòrò bakitéríà tó ń fà á. Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1923, nínú ẹ̀dọ̀fóró agódóńgbó.

Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ìgbẹ́ ẹṣin ni oúnjẹ rẹ̀, ooru sì ń mú un bí sí i. Bí ọyẹ́ bá gbẹ ilẹ̀, tí pátákò ẹṣin lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, eruku á gbé e dé ihò imú ọmọ. Ọ̀pọ̀ agódóńgbó ló ti fà á símú láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bí wọn, síbẹ̀ àìsàn kì í sábà hàn títí wọ́n á fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yìí eéwo ń yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọyún ń kún inú wọn, ọmọ sì ń mu ọmú, ó ń sáré tọ ìyá rẹ̀ kiri. Ìgbà tí ẹ bá máa gbọ́ ikọ́, ó ti pẹ́.

Nítorí náà, ẹ ra tẹmómítà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ máa kì í bọ ihò ìdí ọmọ láràárọ̀ kí oòrùn tó mú. Bó bá ti kọjá 38.9°C, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ níbòji, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí èémí rẹ̀ sì ju 40 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn.

Àrùn yìí tún lè wọ inú ọmọ. Tinú yìí ń bà mí lẹ́rù ju tàyà lọ, nítorí ó ṣòroó wò. Ọmọ á wúkọ́, á gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì, egbò á dá sí ìfun. Á máa ṣu ìgbẹ́ gbuuru, á rù, ikùn rẹ̀ á sì yọ síta. Oríkèé rẹ̀ náà lè wú.

Oògùn méjì ni dókítà máa ń so pọ̀: azithromycin tàbí clarithromycin, pẹ̀lú rifampicin, fún oṣù kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, rifampicin ló fà á, ẹ má jáyà. Oòrùn ọ̀sán ni kí ẹ bẹ̀rù, torí oògùn wọ̀nyí lè mú kí ara ọmọ gbóná kọjá ààlà. Ibòji àti omi kò gbọ́dọ̀ wọ́n ọn. Ẹ nu ẹnu rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn oògùn, àgàgà tó bá jẹ́ erythromycin, ẹbí azithromycin, ni wọ́n fún un: bí ìyá bá lá a, ìgbẹ́ gbuuru lè pa ìyá. Ẹ má sì fún àwọn tó kù ní oògùn nítorí pé ọ̀kan ń ṣàìsàn. Àṣà yẹn ti mú kí kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́ wà láwọn oko ẹṣin ní Kentucky, l'Amẹ́ríkà.

Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ lè gbọ́kàn lé. Ẹ kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí koríko hù, ẹ má sì kó abo ẹṣin tó bímọ jọ pọ̀ sójú kan. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára bá àrùn jà, bí ẹni tó ní kòkòrò HIV tí kò lo oògùn, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ibẹ̀, torí kòkòrò yìí lè wọ ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ náà.