Ẹ Má Sin Orí Òṣíbàtà: Ìtọ́sọ́nà fún Adágún Ilé àti Etí Kòtò Ẹja

Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣu òṣíbàtà tí àwọn ènìyàn gbìn lọ́dún tó kọjá ló jẹrà. A lọ láti adágún dé adágún, a ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, ohun kan náà là ń bá níbẹ̀: iṣu tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, tó ń rùn, tí ẹrẹ̀ bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò ló pa á. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni. Ẹni tó ti ń kọ ebè láti kékeré, bó bá ti gbọ́ “iṣu” báyìí, kó rì í mọ́lẹ̀ ló mọ̀.

Òṣíbàtà kì í ṣe ewùrà. Orí rẹ̀, ibi tí èéhù ti ń yọ, gbọ́dọ̀ yọ síta lókè amọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Bí ẹ bá fi ìka wá èéhù tí ẹ ní láti wa amọ̀ kí ẹ tó kàn án, ẹ tú u, kí ẹ tún un gbìn. Àwọn àgbà tó ń wúre pé òṣíbàtà ní í lékè odò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọn kò ní ká rì í mọ́ ìsàlẹ̀ odò.

Òṣíbàtà olódòdó funfun là ń sọ, èyí tí eteetí ewé rẹ̀ rí bí eyín ayùn. Ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń là, yóò sì padé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí náà ibi tí ẹ máa ń jókòó sí lálẹ́ ni kí ẹ gbé e sí, tí oòrùn bá ti ń pa ibẹ̀ fún wákàtí 6 lójúmọ́. Kò fẹ́ omi tó ń ṣàn. Kò sì fẹ́ omi tó ń ta sí i lára láti ẹnu páìpù.

Abọ́ àti amọ̀

Ẹ má ju iṣu rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ adágún lásán. Ẹ wá báàfù ike tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, tó jìn tó 25. Ẹ má lu ihò sí i. Ẹ fi amọ̀ kún un dé sẹ̀ǹtímítà 20, amọ̀ tó wúwo, irú èyí tí a fún lọ́wọ́ tí kì í tú. Ẹ má lo ilẹ̀dú, yóò léfòó, omi yóò sì dúdú. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìyẹ sí i. A ti sọ eléyìí títí ẹnu fẹ́ bó, síbẹ̀ a ṣì ń bá a nínú abọ́ àwọn tó ń pè wá pé kí a wá wo ohun tó ń ṣe òṣíbàtà àwọn.

Ẹ gé ewé àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi ewé tuntun 2 tàbí 3 sílẹ̀. Ẹ gbé iṣu náà nàró sí àárín abọ́, gbòǹgbò nísàlẹ̀, èéhù lókè. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sórí amọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, ṣùgbọ́n kí òkúta má bo orí rẹ̀. Ẹni tó bá ń sin àrọ̀ kò gbọdọ̀ fo òkúta yìí, nítorí àrọ̀ yóò tú amọ̀ náà wò lóru.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin

Àṣìṣe kejì, ọmọ ìyá àkọ́kọ́ ni: gbígbé abọ́ sínú omi jíjìn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Sẹ̀ǹtímítà 15 omi péré ló yẹ kó wà lókè orí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín.

Ká ní omi adágún yín jìn tó sẹ̀ǹtímítà 65. Ẹ ra búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà mẹ́rin. Ẹ tẹ́ méjì dùbúlẹ̀ kí wọ́n fara kan ara wọn, kí ẹ to méjì yòókù lé wọn lórí, kí ẹ sì gbé abọ́ kà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, tí ewé bá ti tẹ́ lójú omi, ẹ yọ ìpele òkè. Omi á di nǹkan bí 30. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí i, ẹ yọ ti ìsàlẹ̀. Á di 45. Ibẹ̀ ni kó máa gbé. Ewé àkọ́kọ́ yóò kọ́kọ́ wà lábẹ́ omi, yóò sì pọ́n díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀.

Adágún oníkọnkéré tuntun: ẹ pọn omi kún un, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ dà á nù. Ìgbà 3. Ẹ kó búlọ́ọ̀kù sínú rẹ̀ kí wọ́n jọ rẹ.

Ajílẹ̀, ẹja àti ààyè

NPK 15-15-15, síbí tíì kan, ẹ fi bébà ìwé ìròyìn dì í, kí ẹ tì í bọ inú amọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 létí abọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ 5, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Bí ẹja bá wà níbẹ̀, ìdajì síbí ti tó. Ẹ má fọ́n ọn sójú omi, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí ojú omi ó hu ohun aláwọ̀ ewé.

Ẹ fi mítà 2 sáàárín ìdí kan sí ìdí kejì. Bí ewé bá bo ju ìdajì ojú omi lọ, ẹ gé e, nítorí ẹja ń mí. Omi tí kò ní ẹja rárá yóò bí ẹ̀fọn sí ilé yín. Ẹja wẹ́wẹ́ márùn-ún tí kò tóbi ju ìka lọ yóò jẹ ọmọ ẹ̀fọn. Epìyà ńlá a máa jẹ ewé tuntun, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ 6 kí ẹ tó kó wọn sí i.

Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé wálé

Wọ́n ń ta ewéko kan létí ọ̀nà, òdòdó rẹ̀ àwọ̀ àlùkò, igi ewé rẹ̀ wú bí àlùbọ́sà, gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro nínú omi láìkan ilẹ̀. Òdòdó rẹ̀ dára, a kò jiyàn. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 1984 ni wọ́n rí i lágbègbè odò Àgbádárìgì; ẹ bi àwọn apẹja ọ̀sà léèrè ohun tó ti fi ojú àwọ̀n àti ọkọ̀ wọn rí láti ìgbà náà. Ìdí kan tí ẹ bá jù sódò ti tó láti gba odò náà. Ẹni tó bá ní in nílé, kó kó o jáde, kó sá a sórí ilẹ̀ gbígbẹ títí yóò fi gbẹ, kó sun ún.

Ibi tí ẹ ti ń wú iṣu òṣíbàtà náà, ẹ wò ó dáadáa: ẹ má lọ sódò tí wọ́n ń bọ, ẹ má sì wú ju ìdí kan lọ nínú ìdí mẹ́wàá. Ẹ fi amọ̀ tútù bò ó títí ẹ ó fi délé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí adágún bá gbẹ, gbogbo ewé yóò kú. Iṣu rẹ̀ ń sùn ni, ẹ má dà á nù. Ẹ máa wọ́n omi sí amọ̀ inú abọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí ó má baà sán. Bí òjò bá dé, ẹ to búlọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sábẹ́ abọ́ kí adágún tó kún.