Oxalis inú ilé l'Abẹ́òkúta: ewé sorí kodò, òdòdó kọ̀, kí ló dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú ọ̀sán o. Aládùúgbò mi kan n'Íbarà fún mi ní oxalis aláwọ̀ àlùkò, òdòdó inú ìkòkò tó ní ewé mẹ́ta-mẹ́ta. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gbogbo ewé rẹ̀ á pa dé, á sorí kodò. Ṣé òùngbẹ ni? Alaalẹ́ ni mo ń bomi rin ín.

Ìdáhùn: Kì í ṣe òùngbẹ, ẹ̀gbọ́n, ó ń sùn ni. Ẹ mọ patanmọ́ tí ọmọdé máa ń fọwọ́ kàn lójú ọ̀nà oko? Ìwà wọn jọra, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ni oxalis ń wò ní tiẹ̀. Oríkèé kékeré kan wà níbi tí ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Omi tó ń wọ inú rẹ̀ tó sì ń jáde ló ń ṣí ewé, òun náà ló ń pa á dé. Òdòdó rẹ̀ náà máa ń pa dé lálẹ́ àti lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Omi alaalẹ́ yẹn ni kí ẹ dá dúró. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ìkòkò. Tó bá gbẹ dé oríkèé ìka àkọ́kọ́, ẹ wá fún un lómi.

Ìbéèrè: Oṣù kejì ni tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò ku ewé kan. Ọkọ mi ní kí n dà á nù.

Ìdáhùn: Ẹ má dà á nù o! Ọ̀pọ̀ oxalis ló wà lórí ààtàn tí kò tíì kú. Abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, nínú àwọn iṣu wẹẹrẹ tó ní ìpẹ́. Gúúsù Amẹ́ríkà, ní Brazil, Bolivia, Paraguay àti Argentina, ló ti wá, kò sì fẹ́ ooru tó bá ju nǹkan bí 27°C lọ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo Abẹ́òkúta láàárín oṣù kejì sí ìkẹta: oòrùn gbóná, òkúta gbóná, páànù tún gbóná lé e. Ló bá kó ewé rẹ̀ wọlé.

Ẹ wa ilẹ̀ díẹ̀ wò. Tí iṣu yẹn bá le, ó wà láàyè. Èyí tó bá rọ̀ tó ń rùn ti jẹrà, ẹ yọ ọ́. Ẹ gé ewé gbígbẹ kúrò, ẹ má bomi rin ín mọ́, kí ẹ sì gbé ìkòkò sílẹ̀ nínú yàrá tó tutù jù nínú ilé. Ẹ má gbé e sórí fìríìjì, ooru ń jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, tàbí tí ẹ bá ti rí ọ̀mùnú, ẹ gbé e padà síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ pín in, àkókò oorun yìí náà ni. Ẹ sin iṣu kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sísàlẹ̀. Ní ti ọkọ yín, ẹ gbé ìkòkò náà pamọ́ fún un.

Ìbéèrè: Ewé wà, òdòdó kò yọ. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó ń tẹ̀ sọ́nà fèrèsé.

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ kò tó o. Ẹ ká kọ́tìnì yẹn. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dáa jù, torí oòrùn ọ̀sán tààrà máa ń jó ewé. Ẹ máa yí ìkòkò náà kí ó má baà tẹ̀ sápá kan. Tí ẹ bá ń fún un ní ajílẹ̀ olómi, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ti tó, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tó bá ń hù nìkan. Ajílẹ̀ àpọ̀jù á sọ ọ́ di ewé lásán.

Ìbéèrè: Ewé ń pọ́n rúsúrúsú, igi rẹ̀ ń rọ̀. Inú ike kọ́sítáàdì ni mo gbìn ín sí.

Ìdáhùn: Ṣé ẹ lu ìdí ike náà? Tí ẹ kò bá lù ú, omi ló ń pa á. Ẹ lu ihò, ẹ po ilẹ̀ dúdú ọ̀nà méjì mọ́ yanrìn ọ̀nà kan, kí ẹ tún un gbìn.

Ìbéèrè: Láfẹ́nwá ni mo wà. Ewúrẹ́ wọlé, ó jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ṣé kò ní kú?

Ìdáhùn: Díẹ̀ kì í sábà pa á. Oxalic acid, ásíìdì kan tó wà nínú ewé náà, ló mú kí ó kan lẹ́nu. Bí ẹran bá jẹ ẹ́ lájẹjù, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ajá àti ológbò. Tó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ pe dókítà ẹran kíá. Kí ẹ sì gbé ìkòkò náà ga.