Bí ẹ ṣe lè dé Ọjà Ọba kí owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé má bọ́ sọ́nà

Ẹ kọ́kọ́ fi owó ilé ránṣẹ́. Kàdúná ni ìyá mi wà. Kí n tó wọ bàtà ni mo ti ń fi tiwọn ránṣẹ́ láti Òṣogbo níbí. Ẹ jẹun yó, kí ẹ fi káàdì sílé.

Àdìrẹ ni ọ̀tá tèmi. Ata ni mo wá rà lọ́jọ́sí, ni mo bá rí ọ̀kan, aró dúdú tó rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Ìyá aláṣọ ní, “Ẹ fọwọ́ kàn án, mi ò gbowó ìyẹn.” Irọ́ ni! Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ní, “Ẹ kú ọjà o, mò ń bọ̀,” kí ẹ máa lọ. Tó bá ṣì ń wù yín lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ padà lọ ná an.