Fóònù Àwọn Àgbà Abúlé: Ohun Tí Kò Yẹ Ká Máa Ṣe

Ní àwọn abúlé olóko kòkó tó wà lọ́nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, àti lọ́hùn-ún ní agbègbè Ilé-Olújì, ọ̀pọ̀ àgbà ló ń dá gbé. Ọmọ kan wà ní Èkó, òmíràn wà lókè òkun, fóònù ló kù tí wọ́n fi ń rí ara wọn. Síbẹ̀, àwa tí a ń kọ́ wọn gan-an la sábà máa ń ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́.

Èyí tó burú jù ni gbígba fóònù lọ́wọ́ wọn. Màmá á béèrè bí àwọn ṣe lè pe ọmọ lórí WhatsApp kí àwọn rí ojú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ á já fóònù gbà, á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún: "Ó ti ń dún, Màmá!" Ojú ọmọ yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ-ọmọ bá ti padà sí Àkúrẹ́, ó parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ káwọ́ yín sẹ́yìn. Ìka tiwọn ni kó tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ pẹ́. Kí wọ́n tún un ṣe lójú yín, kí wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó kọ́ wọn ní òmíràn.

Ẹ má sì sọ pé wọn ò gbọ́ràn bí fóònù kò bá dá wọn lóhùn. Ọwọ́ tó ti di àdá mú fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń yi, awọ rẹ̀ a sì gbẹ. Iná mànàmáná tíńtín tó wà lójú fóònù ló máa ń mọ̀ bí awọ bá kàn án, ìka tó gbẹ tó sì yi kì í tètè yé e. Ni Bàbá á bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára. Bẹ́ẹ̀, títẹ nǹkan pẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí fóònù: àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, tàbí kí fóònù máa béèrè bóyá kí òun pa nǹkan rẹ́. Ẹ̀rù á ba Bàbá pé àwọn ti bà á jẹ́, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi omi díẹ̀ ra ìka, kí wọ́n kàn án fẹ́rẹ́, kí wọ́n gbọ́wọ́ kúrò. Lórí fóònù Android, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Accessibility, ẹ fi kún àkókò tí fóònù fi ń dúró kó tó ka ìtẹ̀ sí títẹ̀pẹ́. Ẹ sọ lẹ́tà di ńlá pẹ̀lú.

Ní ti owó, ẹ má bá wọn yan PIN, ẹ má sì kọ ọ́ sẹ́yìn fóònù. Ẹ kọjú síbòmíràn nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Gbájúẹ̀ ń sọ Yorùbá tó dùn létí, á sì máa kí wọn ní "Bàbá mi". Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé báńkì kì í pe ènìyàn béèrè PIN, àti pé nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí i gbà lè fi orúkọ wọn yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn dẹ́rù bà wọ́n. "Ẹ má tẹ nǹkan kan o!" ti mú kí ọ̀pọ̀ àgbà pa fóònù wọn tì sínú àpótí.

Àwọn kan tún máa ń fi dandan kọ́ ẹni tí kò kàwé ní títẹ lẹ́tà. Kí ló dé? Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́, kí wọ́n fi èdè Oǹdó tàbí ti Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí lóko, ohùn náà á dúró títí wọ́n á fi dé ibi tó wà. Ẹ fi àwòrán aago kékeré tó ń fi hàn pé kò tíì lọ hàn wọ́n. Kí ẹ tó kúrò, ẹ kọ́ wọn ní *310# tí wọ́n fi ń wo owó tó kù lórí síìmù, àti *323# fún dátà. Láti 2023, nọ́ńbà kan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa.