Ẹ̀yin tí ẹ́ńjìnnì yín jẹ́ direct injection, ẹ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ catch can (agolo tó ń gba ọ́ìlì dúró kó tó wọnú ẹ́ńjìnnì padà)

Ẹ̀yin ará, inú sílíńdà tààrà ni ẹ́ńjìnnì direct injection ń fọ́n epo sí. Epo kì í kan ẹ̀yìn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kò sì sí ohun tó ń fọ̀ ọ́. Ìkùukùu ọ́ìlì tó ń ti PCV (fáàfù tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sí ọ̀nà afẹ́fẹ́) bọ̀ á wá lẹ̀ mọ́ ọn, á dì bí èédú. Àárín PCV àti intake manifold (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ sínú àwọn sílíńdà) ni kí ẹ so catch can sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra èyí tí inú rẹ̀ ṣófo. Èyí tó ní asẹ́ nínú ló ń mú ọ́ìlì dúró. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, pàápàá nígbà òtútù tí omi máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má sì da ohun tó bá gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì o!